Ẹyin Adìẹ Alákìísà Funfun

Bàbá Tòún, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún márùn-ún! Ilé Ayọ̀bọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ti gba òrùlé. Tòún, ọmọ yín tí ń sá fún àkùkọ, ti wọ yunifásítì ní Abẹ́òkúta, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ló ń kọ́. Àwọn adìẹ yín sì wà, wọ́n ti pọ̀ ju ti ìgbà yín lọ.

Ẹ rántí orúkọ tí wọ́n sọ yín ní Ìgándò? Bàbá Onígbẹ̀ẹ́ Adìẹ! Ẹ ó kó ìgbẹ́ àgbà adìẹ tí ara rẹ̀ le, ẹ ó rẹ ẹ́ sómi, ẹ ó sẹ́ ẹ, ẹ ó fi omi rẹ̀ fún òròmọdìẹ mu. Ẹ ní ìfun òròmọdìẹ dà bí ilé tí kò tíì ní ayálégbé. Bí kòkòrò rere bá ti gba gbogbo yàrá, èyí tí ń fa àrùn kò ní ríbi wọ̀. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún àwọn ará ìjọ pé orí ọkọ mi ti dàrú.

Lónìí, gbogbo ọlọ́sìn adìẹ àdúgbò ló ń wá bu omi ìgbẹ́ yẹn. Ọlọ́runṣògo tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ jù ń sọ kiri pé òun lòun dá a sílẹ̀. Ojú kì í tì í.

Ilé adìẹ méjì lẹ kọ́. Àwọn tó mu omi yẹn, ẹ so àkísà pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àrùn sílẹ̀ nínú ìfun wọn, kí ẹ lè fi wọ́n wé àwọn yòókù, ẹ so funfun mọ́ tiwọn. Ẹ kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, nítorí ẹ̀rín mi ti sú yín.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ibà dá yín dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ kí ara yín tètè le, mo lọ mú ẹyin. Èmi ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí a kì í fi pupa kan ara! Ẹsẹ̀ mi kò tilẹ̀ yà sí ilé alákìísà pupa. Mo mú méjì lábẹ́ alákìísà funfun, mo gbàdúrà sí i, mo pò ó ní tútù mọ́ mílíìkì. Ẹ mu ún tán kí ẹ tó bi mí pé ilé wo ni mo ti mú un. Mo ní ilé funfun. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ kú.

Cecilia, àbúrò yín, ló gbé ọbẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ ẹyin yẹn. Òun ni mo di ẹ̀bi ikú yín rù. Mo pè é ní àjẹ́ níwájú gbogbo ìjọ ní Ìkọ̀tún, ọkọ rẹ̀ sì lé e jáde. Omi tútù ló ń kiri tà ní Ìyànà Ìpájà báyìí. Bí ó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á sọdá sí òdìkejì títì. Inú mi a sì máa dùn! Ẹ gbọ́ o, inú mi a máa dùn.

Ní oṣù tó kọjá, Tòún yọ ìwé àkọsílẹ̀ yín nísàlẹ̀ àpótí. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ẹ kọ ara yín síbẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn adìẹ. Ẹyin méjì, ilé funfun. Ọjọ́ kìíní, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ: kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Rẹ̀mí. Tòún ti kà á sókè tán kó tó mọ ohun tó ń kà.

Àánú mi ló ṣe yín, Bàbá Tòún. Ẹ wo ohun tí àánú yín fi Cecilia ṣe!

Ọjọ́ Àìkú yìí ni ìrántí yín. Níwájú ìjọ kan náà ni n ó ti ka ojú ewé yẹn. Mo ti lọ kúnlẹ̀ bẹ Cecilia ní Ìyànà Ìpájà. Kò fọwọ́ kàn mí, kò ní kí n dìde. Ó ṣáà ní òun máa jókòó níwájú, kí n má fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á.

Àárò yín ń sọ mí. Mo fẹ́ràn yín lánàá, mo fẹ́ràn yín lónìí, ìfẹ́ náà ni mo pò mọ́ mílíìkì.

Èmi ni,
Olúrẹ̀mí, tí ẹ ní kí wọ́n má sọ fún.