Bí Tírélà Bá Tanná sí Ọ Lójú

Oyèkúnlé àbúrò mi,

Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ń kí yín. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n. Bá wọn mú òróró ìpara yẹn bọ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí mọ́tò tí o ní o fẹ́ háyà wá sí Ìláròó. Husain ọmọ Mẹ̀dínátù, aládùúgbò wa, háyà tiẹ̀ nígbà tó ti London dé. Tírélà tanná sí i lójú. Lọ́dọ̀ yín, "máa kọjá" nìyẹn. Níbí, "dúró, mò ń bọ̀" ni. Husain kọjá. Títí di òní, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọkọ mi wá gbé ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fẹkún pàdé rẹ. Má bínú sí mi: ilé lò ń bọ̀, ṣùgbọ́n àlejò ni ọ́ lójú títì wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àrìnpé