Ọ̀dà Ilé Kékeré

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Màgàrí

Sàlámọ̀tù ìyàwó mi ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ilé kékeré tí mo fi pákó gbẹ́, ẹ̀dà ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n wó ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ti gba ọ̀dà lónìí. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí àwọn tó gbé ibẹ̀ má dá a mọ̀.

Ọ̀dà elépo ni mo fẹ́ fi kùn ún látòkèdélẹ̀, torí ó lálòpẹ́. Sàlámọ̀tù ní, "Bàbá Mùtíù, ẹ fi ọ̀dà olómi kun ògiri. Ilé yẹn ò dán rí. Àbí abọ́ lẹ fẹ́ kùn ni?"

Mo ní bàbá mi ò gba àṣẹ lóko, èmi náà ò ní gbà á nílé. Àmọ́ mo dán méjèèjì wò lára àgékù pákó. Ti elépo dán gbinrin, bí abọ́ tánganran lóòótọ́. Mo fi olómi kun ògiri, mo fi elépo kun fèrèsé nìkan. Kó má kọ ọ́ pé òun ló borí.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé e síta kó gbẹ. Àlájà Síkírá, tí wọ́n bí sínú ilé náà, ń kọjá lọ. Ó dúró, ó nàka sí fèrèsé òkè.

"Yàrá ìyá mi nìyẹn."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọlé.