Ṣíbí Tí Wọ́n Bá Lẹ́nu Mi Nínú Ààwẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ètò yìí. Ẹ dákun, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn sọ pé ará Bẹyẹrúnkà ni mí.

Ó ti pé ọdún méjì tí ìyàwó mi ti ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ohùn náà ń sọ fún un pé májèlé wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Kì í jẹun àfi bí mo bá kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ lójú rẹ̀. N kò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àwọn tó fẹ́ di àna wa ń ṣe ìwádìí ìdílé wa kí wọ́n tó fẹ́ àbíkẹ́yìn wa, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé àìsàn ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ mi sì ti dẹnu kọlẹ̀, nítorí n kò lè fi í sílẹ̀.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, ìyàwó ilé kan ṣí aṣọ ẹnu ọ̀nà wa, ó bá ṣíbí lẹ́nu mi.

“Háà! Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń jí wa sí sààrì?”

Mo ní ebi ló ń pa mí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Ajẹunlọ́sàn-án.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá wọn, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn gan-an ni wọ́n ń po májèlé náà.”

Ó ti rù kan egungun. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, gbogbo agboolé wa ni yóò dá mi mọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi wò ó, bóyá kí ẹ kà á tàbí kí ẹ má kà á. Bí mo bá gbọ́ ọ lórí rédíò, n óò gbà pé ẹ ní kí n gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn.