"Ọkọ Yín Dà?"

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ bò mí láṣìírí.

Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkòròdú. Àṣà ibẹ̀ ni pé a kì í ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún, àfi tí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan ń rọbí, ẹ jẹ́ ká pè é ní Sọ̀fíyàt. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ l'Ékòó, fóònù rẹ̀ ò sì wọlé. Ó dì mí lọ́wọ́ mú: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, èmi alára ti gbà, ẹ là mí níkùn." Mátíróònù ní ká dúró. Kí ọkọ tó dé, ọmọ ti kú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ àwọn ọ̀gá, tí mò ń bá wọn jà, títí wọ́n fi fagi lé àṣà náà. Mo rò pé ó tán. Àfi bí mo ṣe gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹlẹgbẹ́ mi ń bi aboyún mìíràn pé, "Ọkọ yín dà?" Mo sáré pe dókítà, ó sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àtìyá àtọmọ ló yè, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní mò ń kọ́ ìyàwó oníyàwó ní àfojúdi.

Ó ti rẹ̀ mí. Ọkọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ètò yìí lórí rédíò, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni mí, kí lẹ máa ní kí n ṣe?