Màmá Tó Dá Àga Ìkórè Padà
Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Christianah Àṣàkẹ́ Ṣóbándé (1951–2025)

Ní agbo ilé Ṣótúndé, ní Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bí Màmá wa, Christianah Àṣàkẹ́, lọ́dún 1951. Adégbóyèga, bàbá wọn, jẹ́ káfíńtà tó ń kan àga ìjókòó fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Àlímátù, ìyá wọn, jẹ́ Mùsùlùmí. Nínú ilé yẹn, wọn a jẹ ẹran iléyá, wọn a sì tún jẹ ìrẹsì Kérésì, kò sì sẹ́ni tó bínú sí ìkankan nínú méjèèjì. Ọmọ Ẹ̀gbá gidi ni Màmá. Ẹnu wọn dùn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará ìta mọ ohun tó ń dùn wọ́n.

Wọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì jáde lọ́dún 1971. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó jókòó síbí lónìí ni Màmá ti tú aṣọ wọn palẹ̀ rí nítorí pé ìrán rẹ̀ wọ́. Lọ́dún 1976, wọ́n fẹ́ Timothy Ṣóbándé, akọ̀wé ìjọba, wọ́n sì kọ́lé sí Adígbè. Ọlọ́run fi Adéṣọlá àti Túbọ̀sún ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá sùn nínú Olúwa lọ́dún 2008. Ọdún 2011 ni Màmá fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá sọ gbogbo èyí tí a kò sọ ti àga ìkórè, Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá kò ní dárí jì wá.

Iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ni Túbọ̀sún kọ́. Màmá ta ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ kó lè kọ́ ọ parí. Nígbà tó ríṣẹ́ lọ́dún 2015, Màmá jó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ. Ohun tí ìjọ kò mọ̀ ni pé ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ yẹn, iléeṣẹ́ bàálù tó gbà á ń yọ owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ní wíwa bàálù tiwọn kúrò lára owó oṣù rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù kò lè gba yàrá l'Ékòó. Adígbè ló ti ń lọ síbi iṣẹ́. Bí bàálù bá pẹ́ balẹ̀, á sùn sílẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ní ìdájí ọjọ́ tó bá ti Adígbè lọ, á wọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Kútọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Màmá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ fún un. Àwọn agbèrò a máa kí i pé, “Sìkiọ́rítì, ẹ kú iṣẹ́ o! Báńkì wo lẹ ń ṣọ́?” Túbọ̀sún a rẹ́rìn-ín. Bó bá ní páílọ́ọ̀tì lòun, wọn yóò bi í léèrè ohun tí páílọ́ọ̀tì ń wá nínú bọ́ọ̀sì.

Ẹbí kò kúkú mọ̀. Àǹtí Bàrákátù, àbúrò Màmá, ní kó wá bá òun pààrọ̀ òrùlé. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń gbé ojú ọ̀run, ṣé páànù ló máa wá ṣòro fún?”

Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìkórè wá bá Màmá pé àwọn fẹ́ fi Túbọ̀sún jẹ alága. Gbogbo wa la mọ̀ pé àga yẹn kì í ṣe ti ẹni tó kàn fẹ́ jókòó. Ohun tí alága bá gbé síwájú pẹpẹ ni ìjọ yóò fi máa sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ títí di ìkórè mìíràn. Màmá kò bi ọmọ léèrè. Wọ́n ní, “Ẹ ti rí i gbà,” ìgbìmọ̀ sì ti kéde rẹ̀ kí Túbọ̀sún tó dé láti ibi iṣẹ́.

Túbọ̀sún kò lè já ìyá rẹ̀ kulẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò yá òun lówó. Nígbà tí kò rí, ó wá iṣẹ́ ọ́fíìsì kan tí owó rẹ̀ dára ju ti bàálù lọ, ó sì kù díẹ̀ kó gbà á. Adéṣọlá ló wá tú àṣírí náà. Ó ní, “Màmá, ọmọ yín fẹ́ fi bàálù sílẹ̀ nítorí àga. Gààrí ló ń mu ní Ìkẹjà, kójú má baà tì yín.” Màmá kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n dé ọkàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìkéde, Màmá dìde níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n ní: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo gba àga, ọmọ mi kọ́. Bàálù tó ń wà kì í ṣe tiẹ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì máa délé. Ẹ gba àga yín. Bó bá tó àkókò, èmi fúnra mi ni màá wá tọrọ rẹ̀.”

Bàbá Ọládọ̀tun, àgbà ìjọ, ló kọ́kọ́ fọhùn: “Christianah, ìwọ náà! Àwa ti rò pé bàálù lo máa fi kó iṣu ìkórè wá.” Ni gbogbo ìjọ bá bú sẹ́rìn-ín, Màmá náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ìyá ìjọ ti ń gbé gààrí, èlùbọ́ àti epo wá sí Adígbè. Wọ́n ní ti páílọ́ọ̀tì àwọn ni. Àǹtí Bàrákátù kò mẹ́nu ba òrùlé mọ́. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n gbé wá, wọ́n ní kó máa fi mu gààrí ojú ọ̀run. Màmá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn síta, wọ́n ń rán aṣọ iléèwé, owó ọkọ̀ Túbọ̀sún sì ń tibẹ̀ jáde. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọdún yí po, iléeṣẹ́ yọ owó wọn tán, Túbọ̀sún sì ń wa bàálù lọ. Ẹ̀yin ará ìjọ, a kò gbàgbé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi.

Màmá ló tún bẹ ìjọ títí wọ́n fi fẹnu kò pé a kì í fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ jẹ alága ohunkóhun kí ọdún rẹ̀ tó pé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti rí ìsinmi nínú òfin yìí. Lọ́dún 2019, Màmá wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ohùn Túbọ̀sún, tó ń wa bàálù náà, ṣe jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lókè, wọ́n yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n pé, “Ẹ ń gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn? Èmi ni mo máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.”

Lóṣù kẹjọ ọdún yìí, Túbọ̀sún, tó ti di ọ̀gá awakọ̀, dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn ní Adígbè. Ó ní, “Màmá, ó tó àkókò. Ẹ bá mi tọrọ àga.” Màmá mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ bá Àlùfáà fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ra àkùkọ kan, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé de ọjọ́ ìkórè. Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Adéṣọlá, Túbọ̀sún àti Oyíndà ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Fìyìnfólúwa, Àyànfẹ́ àti Àánú. Àǹtí Bàrákátù, àbúrò wọn. Àti gbogbo ẹbí Ìjemọ̀.

Ìkórè yóò wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá yìí. Túbọ̀sún ni alága. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa péjọ. Àkùkọ náà ṣì ń kọ lẹ́yìnkùlé ní Adígbè, òun sì ni alága yóò kọ́kọ́ gbé síwájú pẹpẹ, ní orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ sinmi, Àṣàkẹ́, ọmọ Ìjemọ̀. Wọ́n ti gbé àga fún wa. Ẹ sùn un re o.