Obìnrin Inú Àpótí Lórí Òkè

Girija ọmọ mi, ọmọ Sakamma, o kú ìdùbúlẹ̀ o, mo sì kí ẹni tí ń bẹ nínú rẹ tí kò tíì lórúkọ. Òrìṣà wa, Ìyá Orí Òkè, á bá wa dì í mú títí oṣù rẹ̀ á fi pé. Ibi tí dókítà ní kí o dùbúlẹ̀ sí yẹn, má dìde níbẹ̀ o, ìwọ tí o kì í gbélé láti kékeré. Ara tèmi le, àfi orúnkún. Màlúù wa bí abo, òjò ò tíì rọ̀, Jayamma aládùúgbò wa sì ń gbé ẹnu rẹ̀ kiri abúlé bí ẹni tó ń polówó.

Mo rí fọ́tò ọmọ inú rẹ tí Mahadeva ọkọ rẹ fi rán oníwàrà sí mi. Mo dojú ẹ̀ sókè, mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, ìkùukùu òjò ni mò ń rí. Mi ò bá ayàfọ́tò wí, inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ọmọ náà ò sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ya òun, ìbá ti ṣe ojú dáadáa. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá rẹ kí òun náà wò ó, bóyá ojú tirẹ̀ á ríran ju tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nítorí pé inú afẹ́fẹ́ ni ohùn fóònù ń gbà kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ níta gbangba. O mọ̀ pé ìyá rẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí o bá lóyún, òun á gun òkè, òun á fi àtalẹ̀ pupa àti àtíkè pupa kan gbogbo àtẹ̀gùn títí dé ẹnu ọ̀nà Ìyá. Ó kú kí o tó lóyún. Ẹ̀jẹ́ ò sì bá a kú. Nígbà tí oyún wá dé, tí dókítà ní kò dúró dáadáa, oorun dá lójú mi. Ni mo bá gbé abọ́ àtíkè lọ́jọ́ Ẹtì.

Iṣẹ́ obìnrin ni, mo mọ̀. Jayamma rí mi nídìí òkè, ó ní Nanjunda, ìgbà wo lo di obìnrin? Mo ní láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Ó ní ọwọ́ tí mo fi ń kan òkúta yẹn, bí ẹni ń rẹ́ ilé ni, ìka ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó jókòó, ó kọ́ mi. Mò ń bẹ̀rẹ̀, mò ń kan, mò ń gòkè. Nígbà tí mo dé ibi màlúù ńlá tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, mo fara tì í, mò ń wo ìlú yín nísàlẹ̀, mò ń wá òrùlé rẹ. Mahadeva ní màá rí táǹkì omi dúdú lórí rẹ̀. Girija, táǹkì dúdú ló wà lórí gbogbo òrùlé ìlú yẹn. Mo kúkú kí gbogbo wọn.

Bí mo ṣe dókè, mo rí nǹkan tuntun. Nítòsí ẹnu ọ̀nà Ìyá, wọ́n lẹ bébà onígun mẹ́rin kan mọ́ òpó, ìlà dúdú wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn àlùfáà máa ń yà kí agbára Ìyá lè jókòó sí i. Gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ á dúró, á gbé fóònù sókè sí i, á tẹrí ba, àpótí kékeré kan nísàlẹ̀ á sì fọhùn, ohùn obìnrin, á dárúkọ iye kan, á ní ó ti dé. Mo rò pé iye ọjọ́ tí àdúrà kálukú máa gbà ló ń sọ. Ọkùnrin kan gba ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Èmi náà tò. Nígbà tó kàn mí, mo gbé fóònù mi kékeré sókè, mo gbé fọ́tò ọmọ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi àtíkè tó kù lábọ́ kun àárín bébà náà dáadáa bí a ti ń kun iwájú orí Ìyá, mo ní ẹ̀jẹ́ Sakamma rèé o, ṣé ọmọ yìí á dúró? Àpótí ò sọ nǹkan kan. Mo tún un bi. Kò fèsì. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi gbé fóònù tirẹ̀, kò dá òun náà lóhùn, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo ní mo gbé, ọwọ́ ọkùnrin ni Ìyá kọ̀, ó ti torí mi panu mọ́ fún gbogbo ayé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Seshadri, àlùfáà kékeré yẹn, ló wá dé. Ó wo bébà, ó wo ọwọ́ mi, ó di orí mú, ó ní Baba, ẹ ti fọ́ ọ lójú. Ó ń fi aṣọ nù ún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀nà tí ọrẹ ń gbà wọlé ni, pé fóònù á wo bébà, owó á kọjá, àpótí á kéde pé ó ti dé. Mo bi í pé ta ni obìnrin inú rẹ̀, ṣé ó ti jẹun? Ó ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ẹ̀rọ ni. Bó ṣe nù ún tán, ọkùnrin kan gbé fóònù sókè, obìnrin yẹn sì ní ó ti dé. Mo ní Seshadri, ẹ̀jẹ́ tèmi ńkọ́, ta ló máa kéde ìyẹn?

Nítorí náà, ọmọ mi, owó ni mò ń tọrọ, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sí mi. Seshadri ní ẹni tó dùbúlẹ̀ sílé pàápàá lè fi ránṣẹ́ sí bébà yẹn, òun á fi àwòrán rẹ̀ sórí fóònù Mahadeva. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ bá jẹun àárọ̀ tán, fi rúpì díẹ̀ síbẹ̀ lórúkọ ìyá rẹ. Màá ti dúró ti àpótí náà, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo mọ̀ pé owó ló ń kéde, wọ́n ti là mí lóye, orí mi ò dàrú. Àmọ́ mo kan gbogbo òkúta òkè yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti dé. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì jẹ́ ohùn obìnrin.

Tí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ra òróró orúnkún, kí oníwàrà mú un bọ̀. Ìyá tó jókòó lókè tó ń wo gbogbo òrùlé á dá tìrẹ mọ̀, bí gbogbo táǹkì tilẹ̀ dúdú. Wẹ́rẹ́ lo máa bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Nanjunda, ọkọ Sakamma.