Irú Tó Bá Bàálù Lọ

Ilé Bàbá Fàdìlàt,
Ẹ̀yìn ọjà Ochanja,
Onitsha.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Fàdìlàt ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣé òtútù Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò pọ̀ jù fún yín? Túndé ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Orúnkún tó ń dùn mí kò tíì fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí n má dé ọjà Ose Okwodu lárààárọ̀, nítorí náà má fi ọ̀rọ̀ orúnkún dá mi lóhùn.

Lẹ́tà ni mo kọ, n kò fi ohùn ránṣẹ́. Tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń gé mi láàárín pé, "Mọ́mì, mo ti gbọ́." O kò tíì gbọ́. Jókòó, kí o kà á tán.

Iṣẹ́ tí o rán dé etí mi. O ní Túndé ti rí ẹnì kan ní Èkó tí yóò máa ra ọjà, tí yóò sì máa kó o ránṣẹ́ sí ọ, pé kí n palẹ̀ mọ́ ní Onitsha, kí n padà sí Ìwó lọ sinmi. O tún ní ọ̀rọ̀ ẹrù ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Síkírù bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ló mú mi wá síbí ní ìyàwó, ó sì ti di ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ra ata àti irú ní ìlú yìí. Inú owó irú yẹn lo ti lọ sí yunifásítì. N kò lọ sí Ìwó.

Àṣìṣe tí o gbé kọ́ mi lọ́rùn, jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjà mẹ́ta ni mo kó jọ ní oṣù kọkànlá: ata gbígbẹ, irú wóró, àti ewé utazi tí mo sá gbẹ fún àwọn oníbàárà rẹ tí wọ́n jẹ́ Ìgbò. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, mo ka gbogbo rẹ̀, mo wá fi utazi kádìí, mo ní ó fúyẹ́, kò sì fẹ́ ọ̀rinrin rárá. Èsì rẹ ṣì wà lórí fóònù mi: "Iru yen ni ke fi baalu gbe. Eyi to ku, oju omi." Fàdìlàt, ta ló ń kọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá tó ń ta irú? Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lo ní lọ́kàn, ẹrù tó fúyẹ́. Irú tí à ń fi se ọbẹ̀ ni èmi kà. Kò sí àmì tí o lè fi sí i tí yóò là wá, nítorí ọ̀kan náà ni à ń pè wọ́n.

Obiageli tó ń bá wa kó ẹrù lọ sókè òkun kìlọ̀ fún mi. Ó ní ìwọ̀n ni bàálù ń wò, irú sì wúwo. Ààyè tí ẹrù gbà nínú kọ̀nténà ni ọkọ̀ ojú omi ń wò, kò bìkítà bó wúwo, àfi pé yóò pẹ́ tó oṣù méjì kó tó dé. Ó ní bí páálí bá tóbi láìwúwo, bàálù yóò wọn títóbi rẹ̀ náà, yóò sì gba owó lórí èyí tó bá pọ̀ jù. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Mo ní ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù mọ ohun tó ń fẹ́. Ó ní, "Ọ dị mma, Mama Fadi," pé kò burú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí irú ṣe bá bàálù lọ nìyẹn. Mo dì í ní ọ̀rá mẹ́ta, mo tún fi ike dé e, síbẹ̀ wọ́n ní ẹni tó gbà á ní pápákọ̀ òfúrufú ní Èkó ń fi ọwọ́ di imú kọ̀wé. Ọjọ́ kẹfà ló dé ọ̀dọ̀ rẹ. Utazi ní tirẹ̀ bá ata gun afárá Odò Ọya lọ sí Èkó, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí o sì máa ṣí i, ó ti bu. Ó yẹ kí n pè ọ́ kí n tó san owó, mo gbà, ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èmi àtìwọ jọ ṣì gbọ́, báwo ló ṣe wá di ogbó tèmi nìkan?

Ohun tó bí mi nínú jù kò sí nínú iṣẹ́ tí o rán. O ka utazi tó bu fún mi, páálí kan tẹ̀lé òmíràn. O kò sọ ohunkóhun nípa irú. Adétóyìn ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń se oúnjẹ tà ní àdúgbò yín, ló pè mí ní Jímọ̀ tó kọjá pé ìgbà wo ni òmíràn ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ni irú náà fi tán, pé o tiẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tó ń dúró de òmíràn. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí ọmọ mi fi gbé èyí pamọ́ fún mi. Ṣé kí ọ̀rọ̀ Túndé lè rọrùn láti sọ ni?

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ti ṣe, n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ata àti irú tó pọ̀ ti wà lójú omi. Irú díẹ̀ bá bàálù wá fún àwọn tí o kọ orúkọ wọn. Utazi náà bá a wá. Mo tẹ̀ ẹ́ pa nínú ọ̀rá títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán, páálí mẹ́rin ìjọ́sí sì di ẹyọ kan. Inú rẹ̀ ni o ti bá lẹ́tà yìí. Orúkọ mi ló wà lára gbogbo ìwé ẹrù. Bí o kò bá fẹ́ gba ti ojú omi, má yọ ara rẹ lẹ́nu, Adétóyìn ti ní òun yóò gbà á. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ kó gbà á.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ọjà rẹ kò ní kùtà. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, wọn kò sì ní lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́ tí o fẹ́ràn. Bá mi kí Túndé, sọ fún un pé n kò bá a jà, mo kàn kọ̀ ni.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì fẹ́ sinmi,
Nàfísàt.

Mo tún rántí: láti òní lọ, bó bá jẹ́ irú tí à ń jẹ lò ń wí, kọ "wóró" tẹ̀lé e. Adétóyìn sì sọ fún mi pé nígbà tí òun ní kí o lọ wá irú rà lọ́dọ̀ ará Èkó tí Túndé rí, o mi orí, o ní, "Kò sí irú yìí ní Èkó." Mo ti ń rò ó láti Jímọ̀. Irú tí à ń jẹ lò ń wí ni, àbí irú ìyá yìí? Má wulẹ̀ dáhùn. Èyí tó wù kó jẹ́, òótọ́ lo sọ.